Ẹran Tí Ewúrẹ́ Ìyá Mọ́níkà Bí ní Ìgbẹ́mọ

Ẹ gbé fóònù yín kúrò lójú mi jàre. Ajá tó ní ìyẹ́, ẹja tó ní irun, ológbò tó wọ bàtà: ojoojúmọ́ lẹ ń gbé e wá fi hàn mí, ẹ ó máa pariwo, "Bàbá àgbà, ẹ wo eléyìí!" Mo ti wò ó. Ẹ̀rọ ló ṣe é, kò sí ìyá tó bí i. Ẹran kan wà tí èmi fúnra mi fi kámẹ́rà yà, tí ìyá bí, tó ń jẹ èèpo iṣu, tó sì tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ níbi tí mo ti ń yà á. Ewúrẹ́ ni ìyá rẹ̀, àgbò ni bàbá rẹ̀. Ẹ jókòó kí n sọ ọ́ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìpè, kó lọ gbà á lóde kó tó wá.

Ìgbẹ́mọ ni wọ́n ti bí mi. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ kì í bá mi débẹ̀ mọ́ àfi tí ìrẹsì bá tán nílé. Bí mo bá dijú báyìí, ìró odó ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Àwọn ìyá wa á ti bọ ìrẹsì sílẹ̀, wọ́n á sá a sórí ẹní títí yóò fi gbẹ, wọ́n á wá kó o sódó láàárọ̀. Odó ilé wa á dún, tilé kejì á gbà á, tìsàlẹ̀ ọ̀nà á dáhùn, gbì, gbì, gbì, títí oòrùn á fi yọ. Àwa ọmọdé la máa ń ṣọ́ èyí tó wà lórí ẹní, ẹ má sì fojú kéré iṣẹ́ yẹn o! Bẹ́ ẹ bá lé adìyẹ lọ́tùn-ún, ewúrẹ́ á yọ lósì. Oorun gbé mi lọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí n ó fi lajú, ewúrẹ́ ti jẹ ìrẹsì, ó ti kúrò lórí ìrẹsì, ẹní gan-an ló ń jẹ. Ìyà tí mo jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ má bi mí. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ náà ò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan mìíràn.

Ẹran ìgbà yẹn kì í gbé inú ọgbà. A ó tú wọn sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n á jẹ̀ káàkiri, nírọ̀lẹ́ kálukú á mọ ilé rẹ̀. Ewúrẹ́ àti àgùntàn, ìloro kan náà ni wọ́n ń sùn. Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. Èyí tó bá bá ewúrẹ́ rìn ńkọ́? Wọn ò sọ ìyẹn fún wa, ojú wa la fi rí i.

Màmá mi ló lẹ́ran jù lágbo ilé wa, bẹ́ẹ̀ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nínú wọn kò pọ̀. Ọ̀sìn ló ń bá àwọn èèyàn ṣe. Ẹ̀yin ò mọ ọ̀sìn. Tíṣà tàbí akọ̀wé tó ń gbé Adó, tí kò ní àyè ẹran lẹ́yìnkùlé, á ra abo ewúrẹ́ kan, á fà á wá fún màmá mi pé kó bá òun sìn ín. Bó bá bí, ọmọ àkọ́bí, ti ẹni tó ni ewúrẹ́ ni. Èyí tó bá tẹ̀ lé e, ti ẹni tó ń sìn ín ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa pín in lọ. Bí ẹran bá kú, awọ rẹ̀ ni wọ́n ó fi ránṣẹ́ sí olówó rẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá gbá mú pé ó parọ́ nídìí ọ̀sìn, ó parí fún un nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò tún ní gbé adìyẹ lé e lọ́wọ́ mọ́. Ọwọ́ màmá mi rọ ẹran lọ́rùn, ẹnu rẹ̀ sì ṣeé gbọ́kàn lé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Ìyá Ọlọ́sìn. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà, Ìyá Mọ́níkà. Ìgbẹ́mọ ni wọ́n ti jọ dàgbà, wọ́n jọ pọn omi, wọ́n jọ jìyà lọ́wọ́ ìyá ara wọn. Ìyá Mọ́níkà wá lọ́kọ sí Adó, ó di ọmọ ìjọ Àgùdà, ó ń ta aṣọ ní àdúgbò Adébáyọ̀. Màmá mi ò kúrò ní ìjọ Síẹ́mẹ́ẹ̀sì títí ó fi kú. Bí a bá ń ṣe ìkórè, Ìyá Mọ́níkà á wá; bí àwọn náà bá ń ṣe tiwọn, màmá mi á gbé ìrẹsì lọ. Wọn kì í pe ara wọn lórúkọ. "Ẹnìkejì" ni wọ́n ń pe ara wọn. Bí màmá mi bá dé Adó, á pariwo lójú títì, "Ẹnìkejì mi, ṣé o wà ní ulé?" Àwọn ọmọ ilé ìwé á máa fi "ulé" yẹn rẹ́rìn-ín pé èdè ará oko ni. Ó ń bí mi nínú nígbà náà. Lónìí, bí mo bá gbọ́ ẹni tó sọ "ulé" lọ́jà, n ó dúró kí n tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìyá Mọ́níkà fún màmá mi ní ewúrẹ́ dúdú kan sìn. Ewúrẹ́ náà lóyún. Nípa ẹni tó fún un lóyún, màmá mi ní òun ti ń rí àgbò kan tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìnkùlé, ó sì lé e títí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, ọmọdé wà níbí. Ọjọ́ ìbí pé, ọmọ kan ṣoṣo ló jáde. Ìrù rẹ̀ wọ́ sílẹ̀ gbọọrọ bíi ti àgùntàn, kì í ṣe ṣónṣó tó nà sókè bíi ti ewúrẹ́. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Kò pẹ́ tí irun fi hù sí i lọ́rùn bíi ti àgbò. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, ojú ewúrẹ́ gidi ni, ó sì hu irùngbọ̀n! Bó bá fẹ́ ké, á bẹ̀rẹ̀ bí ewúrẹ́, á parí rẹ̀ bí àgùntàn, a ó sì máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa ro wá. Kò bímọ títí ó fi dàgbà tó kú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ pa á jẹ. Ìwà rẹ̀ náà jẹ́ àdàlù: bí òjò bá ń bọ̀, á sáré bí ewúrẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ìloro, á wá gbàgbé ìdí tó fi ń sáré, á dúró sínú òjò.

Àkọ́bí ewúrẹ́ dúdú yẹn ni, ti Ìyá Mọ́níkà ni. Ó yẹ kí màmá mi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ náà. Kò ránṣẹ́. Ó ní, "Kí ni kí n ní ó bí? Ẹ jẹ́ kó gbọ́njú díẹ̀ kí n mọ ohun tó jẹ́." Ibi tó ti ń dúró kó gbọ́njú ni obìnrin kan tó wá ra ìrẹsì ti padà sí Adó, tó sọ fún Ìyá Mọ́níkà pé, "Ewúrẹ́ yín ti bímọ o, àmọ́ ọmọ àgùntàn ni mo rí tó ń tẹ̀ lé e."

Nígbà tí màmá mi wá gbé ìrẹsì dání lọ sí Adó láti lọ ròyìn, ìsọ̀ aṣọ kún fún èèyàn. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tí Ìyá Mọ́níkà fi bi í, "Ọmọ ewúrẹ́ mi dà?"

Màmá mi ní, "Ohun tí mo bá wá nìyẹn. Ó bí i, àmọ́ ó jọ àgùntàn."

"Ewúrẹ́ kì í bí àgùntàn, Ìyá Ọlọ́sìn. Olè ló ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ta lo ta ọmọ ewúrẹ́ mi fún, tó o wá fi ọmọ àgùntàn dí ojú mi?"

Ẹ gbọ́ o: kò pè é ní Ẹnìkejì. Ìyá Ọlọ́sìn ló pè é, ó sì so olè mọ́ ọn níwájú àwọn oníbàárà. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Màmá mi gbé ìrẹsì sílẹ̀ níbẹ̀, ó yí padà lọ wọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìgbẹ́mọ kó tó délé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bú ara yín lórí fóònù láàárọ̀, tẹ́ ẹ máa ń rẹ́rìn-ín lálẹ́, bóyá ẹ ò ní mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n pe èèyàn lólè láyé ìgbà yẹn. Àwọn tó ni ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ẹnu dídùn ni gbogbo wọn fi ń wá. Ọ̀kan á ní òun fẹ́ fi tòun ṣe ìnáwó, òmíràn á ní àbúrò òun ló fẹ́ máa sìn ín. Màmá mi á tú okùn, á kó o lé wọn lọ́wọ́, á ní ẹ ṣeun. Ìloro wa tí èèyàn kì í rí ibi ẹsẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ wá dá páropáro. Kò lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ìjọ mọ́. Bó bá bu oúnjẹ, á tẹjú mọ́ ọn, á wá gbé e fún ọmọ ẹlòmíì. Mo wá láti Adó níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹun. Ó ní, "Uṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi." Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo fẹ́ lọ bú Ìyá Mọ́níkà, ó ní bí mo bá dé ibẹ̀ láti bú u, kí n má pe òun ní ìyá mọ́.

Èmi ti ní ilé fótò ní Adébáyọ̀ nígbà náà, nígbà tí Adébáyọ̀ ṣì ní igbó. Iṣẹ́ fótò ìgbà yẹn kì í ṣe eré. Kò sẹ́ni tó ń ya fótò pẹ̀lú aṣọ ilé. Obìnrin tí kò bá wé gèlè, kò ní jókòó síwájú kámẹ́rà mi, bí mo tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ní gèlè, á yá a. Aago ọwọ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tí kì í ṣiṣẹ́; ìdajì Adó ló ti dè é mọ́wọ́ ya fótò. Iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n mọ̀ mí mọ́ ni síso fótò pọ̀. Bí ìbejì bá ku ọ̀kan, n ó ya ẹyọ kan tó kù lẹ́ẹ̀mejì, n ó so ó pọ̀ kí àwọn méjèèjì lè jókòó ti ara wọn. Bí ìyàwó bá kú láìbá ọkọ rẹ̀ ya fótò, n ó wá a jáde nínú fótò ẹgbẹ́ rẹ̀, n ó gé e, n ó mú un dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ. Wọ́n á wò ó, wọ́n á sunkún, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Mo ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bí Ìyá Mọ́níkà ò bá ní í wá wo ẹran náà, n ó gbé ẹran náà lọ bá a nínú fótò, pẹ̀lú ewúrẹ́ dúdú rẹ̀ tó ń fún un lọ́mú. Ta ni yóò tún jiyàn lẹ́yìn ìyẹn? Mo di kámẹ́rà, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti aṣọ dúdú tí mo máa ń fi borí, mo wọ ọkọ̀ Ìgbẹ́mọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Kí n tó gbé kámẹ́rà nàró, gbogbo àdúgbò ti wẹ̀, wọ́n ti kun àtíkè, wọ́n ti dúró. Bàbá kan ní ẹ̀yìn ilé wa wọ agbádá, ó gbé àga wá, ó jókòó sí àárín gbùngbùn. Mo ní, "Bàbá, fótò ẹran ni o." Ó ní, "Ṣé ẹran ló máa dá dúró nínú fótò bí ẹni tí kò lẹ́bí ni?" Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ pé n ó ya tiẹ̀ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá wọn ya tiwọn títí tí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ẹran náà wá ńkọ́? Bí mo bá fà á, ara àgùntàn tó wà nínú rẹ̀ á tẹ̀ lé mi. Bí mo bá fi í sílẹ̀ kí n lọ borí, ara ewúrẹ́ á fò sórí odó. Ó gun ògiri. Ó jẹ etí aṣọ dúdú mi. Mo dì í mú láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ló ti tọ̀ sí mi lára, àwọn èèyàn sì ń rẹ́rìn-ín bíi pé wọ́n fẹ́ kú. Oòrùn ń lọ. Fíìmù tó kù, ẹyọ kan. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gbá a létí.

Ibẹ̀ ni màmá mi ti jáde láti ilé ìdáná, èèpo iṣu lọ́wọ́. Kò fẹ́ bá wa dá sí i tẹ́lẹ̀, ó ní kí n má fi ara mi wọ́lẹ̀. Ìró aṣọ ló ró mọ́ àyà, orí rẹ̀ ṣófo, irun rẹ̀ ti funfun ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ẹran náà rí i, ó sáré lọ bá a, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ewúrẹ́ dúdú náà tẹ̀ lé èèpo iṣu, ọmọ sì kó sábẹ́ rẹ̀, ó ń mu ọmú. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn. Mo borí, mo yà á.

"Má ya èmi mọ́ ọn o! N ò wé gèlè!"

Mo ní, "Màmá, mo ti yà á."

"Ìwọ ọmọ yìí! O sọ mí di wèrè nínú fótò."

Fótò náà kò sí mọ́, ikán ti jẹ ẹ́, torí náà kí ẹnikẹ́ni nínú yín má wá yẹ àpótí mi wò. Ṣùgbọ́n ó mọ́ kedere. Ẹ ò ní bi mí pé èwo ni ewúrẹ́, èwo ni ọmọ. Mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo gbé e lọ bá Ìyá Mọ́níkà ní ìsọ̀ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo nà án sí i.

Ó wò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé inú. "Ó ga o! Ìwọ tó o mú Màmá Ìdọ̀fin dúró ti ọkọ rẹ̀ nínú fótò lẹ́yìn tí a ti sin obìnrin náà, ewúrẹ́ àti àgùntàn ló wá máa ṣòro fún ọ láti so pọ̀? Ọmọ rere ni ẹ́. Ó yẹ kí ọmọ gbèjà ìyá rẹ̀."

Ṣé ẹ rí mi bí! Ohun tí gbogbo ìlú fi ń yìn mí ló fi tì mí lulẹ̀. Mo gbé nẹ́gétíìfù rẹ̀, fíìmù tí mo fi tẹ fótò náà, sókè sí ìmọ́lẹ̀, mo ní ẹ wò ó, kò sí ojú ibi tí mo ti so ó. Kò wò ó. Mo ń ṣàlàyé, mo ń làágùn, mo ń fi ìka tọ́ka sí ìrù, mo ń tọ́ka sí irùngbọ̀n. Mo wá rí i pé ibi tí mò ń tọ́ka sí kọ́ ló ń wò. Wọ́n ní bí ojú bá farabalẹ̀, á rí imú.

Ó ní, "Ta nìyí?"

Mo ní, "Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni? Ìyá mi ni."

"Kí ló dé tí kò wé gèlè?"

Mo sọ fún un bó ṣe rí. Ó gbé fótò náà sún mọ́ ojú.

"Kí ló ṣe ọrùn rẹ̀ tó rí báyìí? Ṣé ó ń jẹun?"

Mo ní, "Rárá, Màmá. Kò jẹun. Láti ọjọ́ tó ti ọ̀dọ̀ yín dé ni."

Oníbàárà kan bi í ní iye aṣọ, ó ní òun ò tajà mọ́. Ó ní kí n máa lọ. Mo jáde, mo ń bínú sí i, mo ń bínú sí kámẹ́rà, mo ń bínú sí ewúrẹ́ tí kò mọ ọkọ yàn.

Ajé Àjíǹde dé, ọjọ́ kejì ọdún Àjíǹde. Ẹ̀yin ò mọ Ajé Àjíǹde wa. Ijó láti àárọ̀, ọmọdé nínú aṣọ tuntun tí wọ́n rán kó tóbi kó lè ṣeé lò fún ọdún mìíràn, àwọn ará Ìjàn tó múlé tì wá á wá kí àwọn ará Ìgbẹ́mọ, ọ̀nà á kún. Ọjọ́ owó onífótò ni, nítorí náà mo wà nílé ní Ìgbẹ́mọ. Ọkọ̀ Adó dúró, Ìyá Mọ́níkà sọ̀ kalẹ̀, ó fa abo ewúrẹ́ kan lọ́wọ́. Àwọn èèyàn ń kí i kú ọdún. Ó ní, "Ẹ tẹ̀ lé mi. Níbi tí èèyàn pọ̀ sí ni mo ti sọ ọ́, níbi tí èèyàn pọ̀ sí ni n ó ti kó o jẹ." Wọ́n tẹ̀ lé e lóòótọ́. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ kí irú ìyẹn kọjá òun.

Màmá mi jókòó níwájú ilé, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ẹran abàmì náà ló kọ́kọ́ jáde sí wọn, ó wò wọ́n, ó ké igbe rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó parí bí àgùntàn. Ìyá Mọ́níkà wo ìrù rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹnì kan kígbe láàárín èrò, "Ṣé ẹ ti wá rí i báyìí?"

Ó yíjú sí wọn. "N ò wá wo ẹran. Kí n tó rí i ni mo ti ra èyí dání." Ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ọdún lára. "Ẹnìkejì mi, mo pè ọ́ lólè. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọ. Ẹni tó bá gbọ́ èyí àkọ́kọ́, kó gbọ́ èyí náà. Jọ̀ọ́, bá mi sin ewúrẹ́ yìí."

Ó na okùn sí i. Màmá mi ò gba okùn, kò sì gbé ojú sókè. Ìrẹsì ló ṣì ń ṣà. Ó pẹ́ débi pé ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ìró ẹni tó fà á wá.

Màmá mi ní, "Ka ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Kí lo wí?"

"Mo ní ka ẹsẹ̀ ewúrẹ́ rẹ lójú gbogbo ayé kó o tó lọ. Bó bá bí ẹja lọ́la, kó o má wá wí pé èmi ni mo jí ẹsẹ̀ rẹ̀ tà."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Mọ́níkà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Orí ìkúnlẹ̀ tó wà yẹn náà ló ti na ọwọ́, ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ewúrẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ń já bọ́ lójú rẹ̀, ó ń kà á sókè kí gbogbo wa lè gbọ́: "Ọ̀kan. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin."

Màmá mi gbé atẹ kalẹ̀, ó gba okùn.